Ọkọ̀ tuntun olówó ńlá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, kò sì fẹ́ sáré: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Fìfẹ́ (Houston), ọjọ́ Ajé, 8:52 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, àárọ̀ ni mo fi ń sùn, ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí mọ́ nítorí ọkọ̀.

Ọ̀sẹ̀ 7 nìyí tí mo ra ọkọ̀ tuntun lọ́wọ́ dílà. Tuntun gan-an ni o, máìlì 11 péré ló ti rìn lọ́jọ́ tí mo gbé e. Ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olówó ńlá tí gbogbo wa mọ̀ ni. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí mi ò fẹ́ ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́ kí n tó mọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Lítà 2.0 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, sílíńdà 4, ó ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì. Owó rẹ̀ lé ní 58,000 dọ́là, mo sì ń san án lóṣooṣù. Ọdún 11 ni mo fi wa Camry V6 (sílíńdà 6) ti ọdún 2012 kí n tó ra èyí.

Ohun tó ń ṣe rèé. Aago 7 alẹ́ ni mo máa ń wọṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, aago 7 àárọ̀ ni mò ń jáde. Tí mo bá sítáàtì rẹ̀ láàárọ̀ nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà tí a ń gbé ọkọ̀ sí, ohùn kan á kọ́kọ́ jáde, "krrrk", bí ìgbà tí èèyàn da ìṣó sínú agolo. Kì í ju ìṣẹ́jú àáyá 2 tàbí 3 lọ, á dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni á wá máa dún kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ bíi lọ́rì dísẹ́ẹ̀lì. Tí mo bá wá dé ibi tí mo ti fẹ́ wọ ojú ọ̀nà 288, tí mo tẹ tọrótù, kò ní dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ohùn míì á máa jáde nísàlẹ̀, tọ́-tọ́-tọ́, kó tó wá fò síwájú lójijì. Àwọn tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn mi nígbà yẹn o. Ẹ̀rù ń bà mí.

Mo gbé e padà lọ fún dílà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi wà á yípo àdúgbò lẹ́ẹ̀kan, ó ní bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ṣé bó ṣe ń ṣe náà nìyẹn lóòótọ́?

Ará Peckham, ọjọ́ Ajé, 9:30 àárọ̀

Ẹ kú oríire ọkọ̀ tuntun ná, mà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ fi ṣoore.

Ohun kan ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe: ẹ ní kí dílà gbé ọkọ̀ mìíràn jáde, irú tiyín gẹ́lẹ́, ẹ́ńjìnnì kan náà, èyí tó ti dúró láti àná. Ẹ sítáàtì méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ sì tẹ́tí. Tí kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ náà bá wà lára ìkejì, ìṣẹ̀dá rẹ̀ nìyẹn. Tí kò bá sí, ẹnu wọn á wọhò. Nígbà tí èmi náà ra tèmi, ohun tó jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ nìyẹn.

Tòkunbọ̀ Ni Mo Mọ̀ (Ìbàdàn), ọjọ́ Ajé, 10:05 àárọ̀

Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n "ìṣẹ̀dá rẹ̀ nìyẹn" yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. 58,000 dọ́là! Kí ni èèyàn ń sanwó fún nínú ọkọ̀ olówó ńlá bí kì í bá ṣe ìdákẹ́jẹ́ẹ́?

Nígbà tí Lexus gbé LS 400 jáde lọ́dún 1989, wọ́n to ife wáìnì bíi òkìtì sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nínú ìpolówó, wọ́n yí táyà rẹ̀ lórí ẹ̀rọ bí ẹni ń sá eré àsápajúdé, ife kan kò sì ṣubú. Ẹ́ńjìnnì V8 lítà 4.0 ni. Ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà kan ní irú rẹ̀, tòkunbọ̀ ni. Tó bá fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ìgbà mélòó ni mi ò ní fẹ́ sítáàtì ọkọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, torí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá! Ọkọ̀ tó ti rìn káàkiri ayé kó tó dé Ìbàdàn nìyẹn o. Tuntun wá ń dún bíi lọ́rì?

Ẹnjiníà Dallas, ọjọ́ Ajé, 12:18 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ alẹ́, mà. Ẹ́ńjìnnì ni iṣẹ́ tí mo kọ́, òun náà ni mo fi ń jẹun. Ohùn mẹ́ta lẹ kà sílẹ̀. Ẹ má dà wọ́n pọ̀, torí wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ tó jọ ti lọ́rì. Camry yín ti ọdún 2012, ẹnu ọ̀nà sílíńdà ló ń fọ́n epo sí, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Tuntun yín, inú sílíńdà gan-an ló ń fọ́n ọn sí. Kí epo tó lè ráyè wọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti há mọ́ra bẹ́ẹ̀, pọ́ǹpù kan ní láti tì í tagbáratagbára. Agbára yẹn ń tó báà 200, nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ tuntun jù ó ń tó 350. Inú táyà yín, nǹkan bíi báà 2.4 ló wà níbẹ̀. Ẹ fi wọ́n wéra. Pọ́ǹpù yẹn ń lù, ẹnu àwọn ínjẹ́kítọ̀ tó ń fọ́n epo ń ṣí, ó ń pa dé, ó ju ìgbà 20 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan kódà nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan. Òun lẹ̀ ń gbọ́. Láàárọ̀ ló máa ń pọ̀ jù, torí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń mú kí ẹ́ńjìnnì tó tutù yí kíákíá, ó lè lé ní ìyípo 1,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí àgbá kékeré tó ń fọ èéfín mọ́ lè tètè gbóná. Tó bá gbóná, ohùn á rẹlẹ̀. Ẹ sì rántí pé inú ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà lẹ wà, ògiri kọnkéré lọ́tùn-ún lósì. Ó ń dá ohùn náà padà sí yín létí ni.

Ohùn kejì, tọ́-tọ́-tọ́ tó ń jáde tí ẹ bá tẹ tọrótù, pẹ̀lú bó ṣe ń lọ́ra. Kí n tó sọ nǹkan kan, ẹ dáhùn ìbéèrè méjì: epo nọ́ńbà mélòó (nọ́ńbà tó wà lára pọ́ǹpù ilé epo) lẹ̀ ń rà? Kí ló sì wà lórí bọ́tìnnì ìwakọ̀ yín, Eco, Comfort, àbí Sport?

Ohùn kẹta, krrrk yẹn, òun ló ń kọ mí lóminú. Máà jẹ́ kí n dẹ́rù bà yín, àmọ́ ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bó ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ọ̀gá Tòkunbọ̀, òótọ́ lẹ sọ nípa LS 400. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti yà. Lexus náà yọ V8 kúrò nínú LS láti orí ti ọdún 2018 sí Amẹ́ríkà, wọ́n fi V6 oní-tọ́bò méjì sí i. Sílíńdà 4 wá pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ olówó ńlá báyìí, torí òfin èéfín àti owó epo. Bí a bá to sílíńdà 6 sórí ìlà kan, ìjì tí ọ̀kan bá dá, èkejì á pa á. Sílíńdà 4 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ tán. Gbígbọ̀n kan máa ń ṣẹ́kù tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan. Wọ́n ń fi ọ̀pá méjì tó ń yí ní òdìkejì ara wọn pa á, àmọ́ etí tó ti mọ V6 fún ọdún 11 á ṣì mọ ìyàtọ̀.

Mẹkáníìkì Ládípọ̀ (Èkó), ọjọ́ Ajé, 3:40 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ yìí, ìyá wa. Ọdún 26 ni mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ní Mushin níbí, àwọn ọkọ̀ oyìnbó olówó ńlá yìí gan-an ni mò ń mú.

Ọ̀gá Ẹnjiníà sọ̀rọ̀ dáadáa. Èmi á fi ti etí kún un. Tí ọkọ̀ bá ń dún, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi oníbàárà ni pé: ta ni ohùn náà ń tẹ̀lé? Ṣé ẹ́ńjìnnì ló ń tẹ̀lé ni, àbí táyà? Ẹ gbé ọkọ̀ dúró, ẹ fi gíà sí P, ẹ tẹ tọrótù díẹ̀díẹ̀. Tí ohùn bá ń yára bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára, ẹ́ńjìnnì ló ni ín. Tí kò bá dún rárá níbẹ̀, tó jẹ́ pé orí ìrìn nìkan ló ti ń dún, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀, ẹ wo táyà àti àwọn rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró. Tó bá jẹ́ pé ó ń dún nígbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn nìkan, bí ìgbà tí ẹ bá ń gun òkè tàbí tí ẹ ń wọ ojú ọ̀nà ńlá, ẹ fura sí epo àti plọ́ọ̀gì.

Àwa níbí, skrudráfà gígùn la fi ń gbọ́ ọ. À ń fi ẹnu rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì, a fi ìdí rẹ̀ ti etí. Ohùn ínjẹ́kítọ̀ mọ́ tónítóní, ó dà bí ìgbà tí aago ń lù. Ohùn ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì máa ń ho, kì í mọ́. Krrrk tí ẹ pè é yẹn, ṣéènì ni mo gbọ́ níbẹ̀.

Tí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ mi ni, mo máa da ọ́ìlì 20W-50 sí i kó nípọn díẹ̀.

Ẹnjiníà Dallas, ọjọ́ Ajé, 4:11 ọ̀sán

Ọ̀gá mi, etí yín kò tàn yín, ṣéènì lèmi náà fura sí. Ṣùgbọ́n lórí ọ́ìlì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí màmá ṣe é. 0W-20 ni ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnnì yìí ń lò, ihò tí ọ́ìlì ń gbà kọjá nínú rẹ̀ tín-ín-rín. Ọ́ìlì tó nípọn á pẹ́ kó tó gòkè láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni òwúrọ̀ gan-an ni ohùn náà ń jáde. Á tún jẹ́ kó máa jẹ epo sí i.

Ohun míì tún wà. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ní tọ́bò, tó sì ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà, ní àìsàn kan: epo lè gbiná ṣáájú àkókò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí díẹ̀ tí ẹrù sì pọ̀ lórí rẹ̀. Ó lágbára débi pé ó lè fọ́ písítìn. Àwọn èròjà kan nínú ọ́ìlì àtijọ́ ń dá kún un, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀n ọ́ìlì tuntun, API SP, tó jáde lọ́dún 2020. Ẹ wo ara gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì, SP yẹn, tàbí èyí tó tuntun jù ú lọ, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá bá 20W-50 nínú ọkọ̀ tí wáráńtì ṣì wà lórí ẹ̀, ẹ ti fún wọn ní ohun tí wọ́n á fi sá.

Mẹkáníìkì Ládípọ̀ (Èkó), ọjọ́ Ajé, 4:30 ọ̀sán

Mo gbà, ọ̀gá. Àwọn tí mò ń mú ti rìn máìlì 150,000 kí n tó rí wọn, òun ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Tuntun yàtọ̀. Ìyá wa, ẹ má da a sí i.

Ìyá Fìfẹ́ (Houston), ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:20 àárọ̀

Ọlọ́run á bùkún gbogbo yín. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sùn.

Ìdáhùn mi rèé: 87 ni mò ń rà. 87 ni mo ra sínú Camry fún ọdún 11, mi ò tiẹ̀ ronú sí i. Bọ́tìnnì wà lórí Eco, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ta á fún mi ló ní kí n fi sí i kó má baà jẹ epo. Láàárọ̀ yìí mo ṣí ìdérí tí a ń gbà da epo sí i. Àkọlé wà nínú ẹ̀ gbàǹgbà pé ó kéré tán kó jẹ́ 91! Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣí ibẹ̀, mi ò kà á rí.

Mo dán ti ọ̀gá Ládípọ̀ wò. Lórí ìdúró, kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ ń tẹ̀lé ẹ́ńjìnnì. Tọ́-tọ́-tọ́ kò dún rárá lórí ìdúró. Orí ìrìn nìkan ni.

Ará Peckham, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:41 àárọ̀

Mà, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Nọ́ńbà yìí ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, àgàgà àwa tí à ń lọ tí à ń bọ̀. Níbí, epo tó kéré jù tí ẹ máa rí jẹ́ 95, èèyàn á rò pé ó fi púpọ̀ ju 91 ti Amẹ́ríkà lọ, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ni kò dọ́gba. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń wọn bí epo ṣe lè fara da ooru; àwa ń lo ọ̀kan, Amẹ́ríkà pa méjèèjì pọ̀ wọ́n pín in sí méjì. 95 wa súnmọ́ 91 tiyín. 87 tí ẹ ń rà sínú ọkọ̀ yẹn, kò sí epo tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ilé epo kankan tí mo mọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹnjiníà Dallas, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:50 ọ̀sán

Ó ti hàn, mà. Ìlàjì ẹjọ́ yín nìyẹn.

Tọ́bò ń kó afẹ́fẹ́ wọ inú sílíńdà ju èyí tí yóò wọlé fúnra rẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ra máa ń gbóná. Tí epo bá jẹ́ 87, apá kan rẹ̀ lè gbiná fúnra rẹ̀ kí iná plọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iná méjì á wá kọlu ara wọn lórí písítìn. Ohun tí a ń pè ní nọ́ọ̀kì nìyẹn. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lára ẹ́ńjìnnì tó dúró bí etí. Bó bá ti gbọ́ nọ́ọ̀kì, kọ̀ǹpútà á jẹ́ kí plọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀ kó tó tan iná, á sì dín agbára tọ́bò kù. Ọkọ̀ kò ní bàjẹ́, àmọ́ agbára rẹ̀ á lọ. Ẹ fi ooru Houston kún un, níbi tí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ti gbóná kó tó dé tọ́bò rárá. Ẹ tún fi Eco kún un, tó ń mú kí tọrótù wúwo, tí gíà náà kò sì fẹ́ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì má baà yí púpọ̀. Ẹ ti tẹ ẹ́ tán, ó ṣì ń yí díẹ̀, ẹrù ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ibẹ̀ gan-an ni nọ́ọ̀kì fẹ́ràn.

Ẹ jẹ́ kí epo tó wà níbẹ̀ fẹ́ẹ̀ tán. Ẹ ra 93, ọ̀pọ̀ ilé epo ní Houston ló ní in. Ẹ fi bọ́tìnnì sí Comfort. Ẹ lo tó táńkì méjì kí ẹ tó dájọ́, torí kọ̀ǹpútà ń kọ́ ẹ̀kọ́ díẹ̀díẹ̀, kì í gbàgbé lọ́jọ́ kan. Tí ẹ bá ní ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò abẹ́ sítíárìn. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti ti ọdún 1996 ló ní ihò yẹn. Ẹ máa rí i lórí fóònù iye tí kọ̀ǹpútà fi ń fa iná plọ́ọ̀gì sẹ́yìn.

Tòkunbọ̀ Ni Mo Mọ̀ (Ìbàdàn), ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:15 ọ̀sán

Ọ̀gá Ẹnjiníà, ẹ fún mi ní èsì kan. Àwa níbí, epo kan ṣoṣo ló wà ní ilé epo, kò sí 87, kò sí 93, ẹni tó fẹ́ rà á á rà á. Irú ọkọ̀ yìí ló sì máa di tòkunbọ̀ lọ́la. Ọmọ ìyá mi ti fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ láti Maryland. Ṣé kí n kọ̀ ọ́ ni?

Ẹnjiníà Dallas, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:44 ọ̀sán

Ẹ má kọ̀ ọ́ lórí epo nìkan. Sẹ́ńsọ̀ yẹn á dáàbò bò ó, ẹ kàn máa pàdánù díẹ̀ nínú agbára rẹ̀. Ẹ wà á jẹ́jẹ́ nígbà tó bá ń gun òkè, ẹ má lo Eco. Ìdọ̀tí inú epo ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù. Pọ́ǹpù tó ń ti epo ní báà 200 kò lè gba omi tàbí iyanrìn.

Mẹkáníìkì Ládípọ̀ (Èkó), ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:02 ọ̀sán

Òótọ́ pọ́ńbélé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nígbà tí epo tí mẹtanọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ìlú, àwọn tó ní irú ọkọ̀ yìí ló kọ́kọ́ kígbe. Camry àtijọ́ á wúkọ́, á máa lọ. Àwọn wọ̀nyí, ojú ọ̀nà ni wọ́n dúró sí. Pọ́ǹpù tí mo pààrọ̀ lásìkò yẹn, owó rẹ̀ ń ká mi lára bíi pé èmi ni mò ń san án.

Ìyá Àdùkẹ́ (San Antonio), ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:30 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú làálàá. Gbogbo wọn ti sọ ti ẹ́ńjìnnì, èmi fẹ́ sọ ti ìwé, torí ohun tó ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ọmọ yẹn kò kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ẹ má tún gbé ọkọ̀ yẹn kúrò lọ́dọ̀ dílà láì gba ìwé mọ́. Kódà bí wọ́n bá ní àwọn kò rí nǹkan kan, kí wọ́n kọ ọ́: ọjọ́ tí ẹ gbé e wá, ọjọ́ tí ẹ gbà á, iye máìlì, ohun tí ẹ sọ, ohun tí wọ́n ṣe. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹ ṣe sọ ọ́, "ohùn bí irin, ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 3, lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá dúró fún wákàtí 12". Ẹ má gbà kí wọ́n kọ "oníbàárà ní ọkọ̀ ń pariwo".

Ní Texas wa yìí, òfin wà fún ọkọ̀ tuntun tó ní àléébù, Lemon Law ni wọ́n ń pè é. Tí ẹ bá gbé ọkọ̀ wá nígbà 4 fún àléébù kan náà láàárín oṣù 24 tàbí máìlì 24,000 àkọ́kọ́, tí kò tíì sàn, tó sì jẹ́ àléébù tó dín ìwúlò tàbí iye ọkọ̀ kù gan-an, ẹ lè gbé ẹjọ́ lọ sí Texas Department of Motor Vehicles. 35 dọ́là ni owó ìwé. Ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà pẹ̀lú. Èyí tí ẹ gbé lọ láì gba ìwé yẹn, ẹ ò lè fi ohunkóhun gbè é lẹ́sẹ̀. Mo mọ̀ torí ó ṣẹlẹ̀ sí wa, ọdún kan gbáko la fi sunkún lórí ọkọ̀ kan nítorí ìwé méjì tí a ò gbà.

Ará Peckham, ọjọ́ Ọjọ́rú, 7:10 àárọ̀

Mo fẹ́ fi kún ti Ìyá Àdùkẹ́. Ẹ gba ohùn náà sílẹ̀ lórí fóònù. Àmọ́ ẹ má fi ìpè fídíò gbà á, torí fóònù á máa pa ariwo rẹ́ fúnra rẹ̀, ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ gan-an ló máa yọ kúrò. Ẹ lo ohun tí a fi ń gba ohùn lásán sílẹ̀. Ẹ gbé fóònù síbì kan náà lójoojúmọ́.

Ẹ sì dúró síta. Inú ọkọ̀ olówó ńlá kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún irú èyí. Gíláàsì ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì, nínú àwọn mìíràn máíkì wà lókè orí yín tó ń gbọ́ ariwo, tí ẹ̀rọ orin á sì fọ́n òdìkejì rẹ̀ jáde kó lè pa á. Àwọn kan tiẹ̀ ń fi kún ohùn ẹ́ńjìnnì: M5 tí BMW ṣe fún ọdún 2012, inú ẹ̀rọ orin rẹ̀ ni apá kan ohùn ẹ́ńjìnnì ti ń jáde. Etí òde ló ń gbọ́ òótọ́.

Ìyá Fìfẹ́ (Houston), ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:15 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní ìròyìn.

Mo ti lo táńkì méjì epo 93, bọ́tìnnì wà lórí Comfort. Ẹ̀yin ará, ọkọ̀ yìí ń fò! Mo wọ ojú ọ̀nà 288 láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo fẹsẹ̀ kan tọrótù báyìí, ó gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sunkún díẹ̀ nínú ọkọ̀, mi ò purọ́. Owó epo lọ sókè lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rù kò bà mí mọ́ tí mo bá rí tírélà nínú dígí.

Tọ́-tọ́-tọ́ dín kù gan-an, kò tán. Ó kù sí orí ọ̀nà tí kò dán, tí mo bá ti lé ní máìlì 45 ní wákàtí kan. Mo tún ti rí ọkọ̀ mìíràn irú tèmi lọ́dọ̀ dílà, mo ní kí wọ́n sítáàtì rẹ̀. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ wà lára òun náà, kan náà ni. Ti ìyẹn ti kúrò lọ́kàn mi. Krrrk kò sí lára rẹ̀ rárá.

Mẹkáníìkì Ládípọ̀ (Èkó), ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:00 àárọ̀

Ìyá wa, ẹ kú oríire. Èyí tó kù lórí ọ̀nà gbágungbàgun yẹn, abẹ́ ọkọ̀ ni o. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà tó bo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè kí wọ́n fọwọ́ gbọ̀n ọ́n yẹ̀rẹ̀. Ẹ̀há (kílíìpù) tó dì í mú ti já tàbí kò sí níbẹ̀.

Ìyá Fìfẹ́ (Houston), ọjọ́ Ẹtì, 9:05 àárọ̀

Ọ̀gá Ládípọ̀, kí Ọlọ́run má gba etí yín lọ́wọ́ yín. Ẹ̀há méjì ni kò sí níbẹ̀! Láti Èkó lẹ ti gbọ́ ohun tí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ kò gbọ́. Ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n fi ṣe é.

Ní ti krrrk, mo fi ohùn tí mo gbà sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án hàn wọ́n, mo sì sọ ọ́ bí Ìyá Àdùkẹ́ ṣe kọ́ mi, mo dúró títí wọ́n fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ló gbà mí lálejò lọ́tẹ̀ yìí, àgbàlagbà kan tó mọ iṣẹ́. Ó ní kí n fi ọkọ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó lè sítáàtì rẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárọ̀ kí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kàn án. Aago 6:40 àárọ̀ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ló pè mí. Ó ti gbọ́ ọ.

Ó ṣàlàyé fún mi, ó sì yé mi: ṣéènì kan wà tó so ọ̀pá ìsàlẹ̀ tí písítìn ń yí pọ̀ mọ́ ọ̀pá òkè tó ń ṣí fáàfù. Nǹkan kékeré kan ń fi agbára ọ́ìlì tì í kó má dẹ̀. Ó yẹ kí ọ́ìlì dúró sínú rẹ̀ kódà tí ọkọ̀ bá wà ní ìdúró. Tèmi kì í dá ọ́ìlì dúró, ó ń ṣàn padà sílẹ̀ láàárín wákàtí 12 tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá wá sítáàtì, ṣéènì tó dẹ̀ á máa na ara irin títí ọ́ìlì á fi gòkè. Ó ní bí mo bá fi sílẹ̀ fún ọdún méjì, mẹ́ta, ó lè fa ṣéènì náà gùn, ẹ́ńjìnnì odidi ló lè gbà lọ.

Wọ́n ti béèrè fún èyí tuntun, abẹ́ wáráńtì ni, mi ò san kọ́bọ̀. Wọ́n fún mi ní ọkọ̀ tí mo máa fi rìn. Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ojú ewé méjì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ṣe é.

Ẹnjiníà Dallas, ọjọ́ Ẹtì, 9:30 àárọ̀

Inú mi dùn gan-an, mà. Ẹ béèrè bóyá wọ́n wo ṣéènì náà fúnra rẹ̀ àti àwọn pákó rọ́bà tó ń tọ́ ọ sọ́nà nígbà tí wọ́n bá ṣí i, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí. Tí máìlì rẹ̀ kò bá tíì pọ̀, ó yẹ kó ṣì dára.

Ìyá Àdùkẹ́ (San Antonio), ọjọ́ Ẹtì, 9:48 àárọ̀

Ojú ewé méjì! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ o, kí ẹ má fi í sínú ọkọ̀ náà.

Mẹkáníìkì Ládípọ̀ (Èkó), ọjọ́ Ẹtì, 12:20 ọ̀sán

Ohun kan ló kù, ìyá wa. Bí wọ́n bá ṣe é tán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ má gbà á lọ́jọ́ yẹn. Ẹ́ńjìnnì tó gbóná kò lè jẹ́rìí. Kí ọkọ̀ náà sùn síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sítáàtì rẹ̀, kí ẹ̀yin gan-an dé láàárọ̀ kí ẹ sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa tẹ bọ́tìnnì. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Fìfẹ́ (Houston), ọjọ́ Ẹtì, 12:41 ọ̀sán

Mo ti gbọ́, ọ̀gá. Mo ti pe àgbàlagbà yẹn padà, ó gbà, ó ní òun á fi bébà lé gíláàsì iwájú kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Láti ibi iṣẹ́ ni mo máa gba ọ̀dọ̀ wọn lọ láàárọ̀ Ọjọ́rú.